Iná Lẹ́nu Ihò Oyin

Ọjọ́ kẹsàn-án tí ọṣẹ gbígbóná dà sí Sìmbíátù lẹ́sẹ̀ ni dókítà sọ fún bàbá rẹ̀ pé kí wọ́n máa gbé e lọ sílé.

Kì í ṣe pé ara ọmọ náà ti yá. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni, ọṣẹ náà sì ti bó o láti itan ọ̀tún títí dé ọrùn ẹsẹ̀. Ohun tó jẹ́ kí dókítà ní kí wọ́n máa lọ ni pé kò sí ohun tí ọsibítù náà lè ṣe fún un mọ́. Kò sí oògùn, kò sí báńdéèjì, omi ẹ̀rọ kò sì yọ láti ọjọ́ mẹ́ta sẹ́yìn. Àwọn ará ilé aláìsàn ló ń pọn omi wá láti ìta. Ọ̀dọ́mọkùnrin ni dókítà náà, àìsùn sì ti jẹ́ kí ojú rẹ̀ wọnú.

Ó ní, "Àáfáà, bí ẹ bá fi í sílẹ̀ síbí, egbò àwọn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ló máa ràn án. Ẹ máa bá a fọ̀ ọ́ nílé. Bí ibà bá mú un, tí ẹsẹ̀ yẹn sì bẹ̀rẹ̀ sí í dúdú, ẹ tètè gbé e padà wá, ká lè gé e."

"Kí lẹ máa gé?" ni Àwáwù, ìyá ọmọ, béèrè.

Dókítà kò wo ojú rẹ̀. "Ẹsẹ̀ náà ni, màmá."

Ọdún kejì tí àwọn ṣọ́jà gba ìjọba ni. Ẹni tó bá fẹ́ ra mílíìkì tàbí ṣúgà tàbí ọṣẹ ìfọṣọ yóò tò sórí ìlà láti àárọ̀, ṣọ́jà á sì máa rìn lọ rìn bọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlà tòun ti kòbókò. Lọ́pọ̀ ìgbà, ọjà á ti tán kó tó kan ẹni tó jí tò fún un. Ọdún mẹ́rìnlá ni Ọládòṣù, bàbá Sìmbíátù, fi ṣiṣẹ́ nílé ìkẹ́rùsí káńsù kí wọ́n tó ka orúkọ òun àti ti àwọn mìíràn láti inú ìwé lọ́jọ́ kan, tí wọ́n ní kí wọ́n máa lọ sílé. Ilé kéwú tó ní sẹ́yìn ilé rẹ̀ l'Ẹ́dẹ nìkan ló kù fún un, àwọn òbí ọmọ kéwú kò sì ní ju ẹ kú iṣẹ́ lọ. Àwáwù ló wá rántí iṣẹ́ ìyá rẹ̀. Ó ń fi àdín àti omi eérú se ọṣẹ dúdú, àwọn tí kò rí ọṣẹ rà lórí ìlà sì ń wá a wá. Lọ́jọ́ tí ọ̀ràn náà ṣẹlẹ̀, ọ̀kan nínú òkúta ààrò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yẹ̀, ìkòkò sì dojú dé. Sìmbíátù jókòó síbẹ̀, ó ń fẹ́ iná.

Ọwọ́ Àwáwù ló to òkúta ààrò yẹn. Kò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni.

Wọ́n fi kẹ̀kẹ́ ológeere Ọládòṣù gbé ọmọ délé, bàbá ń ti kẹ̀kẹ́, ìyá di ọmọ mú lórí àga ẹ̀yìn. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ni Màmá Mojísọ́lá yà sọ́dọ̀ wọn. Nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì ni, ọmọ ìjọ Áńgílíkà, ilé rẹ̀ kò sì ju ojúlé mẹ́rin lọ sí tiwọn. Ó ṣí aṣọ tí wọ́n fi bo ẹsẹ̀ ọmọ náà, ó wò ó fún ìgbà pípẹ́, ó sì tún un bò.

"Àwáwù, ṣé ẹ lè rí oyin?" ni ó béèrè.

"Oyin bí oyin, màmá?"

"Oyin ni. Nígbà ogun Bìáfírà, oògùn tán lọ́wọ́ wa níbi tí mo ti ń ṣiṣẹ́. Oyin ni a fi ń di ojú egbò, mo sì rí egbò tó burú ju èyí lọ tó jiná. Ẹ óò máa fi omi iyọ̀ tó ti hó tó sì ti lọ́ wọ́ọ́rọ́ fọ̀ ọ́, ẹ ó sì fi oyin bò ó láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́. Ṣùgbọ́n ojúlówó oyin ni o. Èyí tí wọ́n ń lú lójú títì yẹn, ẹ má fi kàn án."

Nígbà tí Ọládòṣù gbọ́ èyí, ńṣe ni ara rẹ̀ bù máṣọ. Súrà Oyin wà lára ohun tó ń kọ́ àwọn ọmọ kéwú rẹ̀ lọ́dọọdún. Lẹ́nu rẹ̀ ni wọ́n ti gbọ́ pé Ọlọ́run ló fi iṣẹ́ ránṣẹ́ sí kòkòrò oyin pé kó kọ́lé sórí òkè, sínú igi àti síbi tí ọmọ aráyé bá kọ́ fún un, pé ohun mímu ń jáde láti inú rẹ̀, ìwòsàn sì wà nínú rẹ̀ fún ènìyàn. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ló ti ń sáré oògùn kiri, nǹkan tó ń fi ẹnu ara rẹ̀ kà kò sì wá sí i lọ́kàn.

Ó sọ fún Àwáwù pé, "Ọ̀rọ̀ Ọlọ́run kì í ṣákìí. Ọmọ wa máa rìn."

Ní kùtùkùtù ọjọ́ kejì, ó gun kẹ̀kẹ́ lọ sí oríta Sẹkọna, níbi tí àwọn olóyin ti ń to ìgò sójú títì. Obìnrin kan búra fún un pé ọkọ òun ló gé oyin náà láìtíì pé ọjọ́ méjì. Ó pọ́n, ó sì ń dán. Nínú ìbẹ̀rù àti ìkánjú, ó rà á, ó padà sílé, wọ́n sì fi bo ojú egbò.

Ọjọ́ kẹta, egbò náà ti ń rùn. Ọyún ń ti ẹ̀gbẹ́ ọrùn ẹsẹ̀ jáde, ara Sìmbíátù sì gbóná tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi ń pe ìyá rẹ̀ ní orúkọ ẹlòmíràn. Màmá Mojísọ́lá dé, ó da díẹ̀ nínú oyin inú ìgò náà sínú omi. Lójú ẹsẹ̀ ló yòrò. Ó fi ahọ́n tọ́ ọ wò.

"Omi ìrèké ni," ni ó wí. "Wọ́n sè é títí tó fi pọ́n ni. Kò sí oyin kankan níbí."

Kò bá wọn wí. Ó ní kí Àwáwù gbé omi kaná, ó sì jókòó ti ọmọ náà, ó fọ gbogbo rẹ̀ kúrò. Igbe tí Sìmbíátù ké lọ́jọ́ náà mú kí àwọn ọmọ kéwú palẹ̀ wàláà wọn mọ́, kí wọ́n sì máa lọ sílé láìsí ẹni tó ní kí wọ́n lọ.

Nígbà tí màmá nọ́ọ̀sì lọ tán, Àwáwù bá ọkọ rẹ̀ lábẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀. Kò gbóhùn sókè.

"Bàbá Sìmbíátù, ẹ ní ọ̀rọ̀ Ọlọ́run kì í ṣákìí."

"Kì í ṣákìí. Ènìyàn ló purọ́ fún wa."

"Èmi ò mọ ẹni tó purọ́. Mo mọ̀ pé bí ilẹ̀ ọ̀la bá mọ́ tí ẹsẹ̀ yẹn dúdú, wọ́n máa gé e. Ẹ lọ wá oyin wá. Èyí tó jẹ́ oyin."

Ọládòṣù mọ ibi tí oyin wà. Láti ìgbà tí ọmọ ti fara gbóná ló ti mọ̀ ọ́n, ìtìjú ni kò jẹ́ kó lọ. Ní Alajue, ìlú tí kò jìnnà sí Ẹdẹ, ọ̀kan ṣoṣo ni ènìyàn tí gbogbo ìlú mọ̀ sí ẹni tó ń gé oyin, Ìyàndá lorúkọ rẹ̀. Láti ìgbà tí ṣúgà ti wọ́n, àwọn oníbúrẹ́dì ń wá oyin lójú méjèèjì, Ìyàndá kò sì ráyè sinmi. Iná ni ó sì fi ń gé tirẹ̀. Á ki ògùṣọ̀ bọ ihò igi, á sun gbogbo kòkòrò oyin inú rẹ̀ tọmọtìyá, á sì kó afárá.

Nígbà ààwẹ̀ tó kọjá, wọ́n pe Ọládòṣù wá ṣe wáàsí ní mọ́sáláṣí Alajue. Ó sọ̀rọ̀ lórí oyin lọ́jọ́ náà. Ó ní Ànábì kọ̀ fún wa pé ká pa kòkòrò oyin, àti pé iná kì í ṣe ohun tí ẹ̀dá fi ń jẹ ẹ̀dá níyà, Ẹlẹ́dàá nìkan ló ni ín. Ó wá ní ẹni tó bá ń dáná sun ohun tí Ọlọ́run bá sọ̀rọ̀, kí ó lọ wá ìdáhùn tí yóò fọ̀ lọ́jọ́ àjíǹde. Kò dárúkọ ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n Ìyàndá jókòó sí ìlà kẹta, gbogbo orí ló sì yí sí i. Ó dìde kí wọ́n tó ṣe àdúà, ó gbé bàtà rẹ̀, ó sì lọ. Àwọn ènìyàn ní kò wá sí mọ́sáláṣí yẹn mọ́ láti ọjọ́ náà.

Bí Ọládòṣù ti kírun Àsùbáà tán, ó gun kẹ̀kẹ́ gba Alajue lọ. Ó bá Ìyàndá níwájú ilé, ó ń pọ́n àdá. Ọládòṣù fi orúnkún méjèèjì kúnlẹ̀ sínú iyẹ̀pẹ̀.

"Ẹ káàárọ̀ o, ẹ̀gbọ́n."

Ìyàndá kò dáwọ́ dúró. "Àáfáà Ẹdẹ. Ẹ dìde, aṣọ yín ń dọ̀tí."

"Ọmọ mi ló ń kú lọ. Ọṣẹ gbígbóná ló dà á lẹ́sẹ̀. Oyin ni mo wá bẹ̀ yín fún, ojúlówó."

"Kò sí nílé. Gbogbo rẹ̀ ni wọ́n ti kó lọ sí Ìbàdàn." Ó fi ìka tọ́ ẹnu àdá náà wò. "Ọmọ ọdún mélòó?"

"Mẹ́sàn-án. Obìnrin ni."

Ìyàndá gbé àdá náà sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ló ní, "Igi ayùnrẹ́ kan wà létí odò, a kì í tètè dé ibẹ̀. Òun nìkan ló kù tí n kò tíì fọwọ́ kàn. Ṣùgbọ́n ẹ mọ bí mo ṣe ń gé oyin."

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká lo èéfín. Mo gbọ́ pé èéfín máa ń lé wọn."

"Ó máa ń lé àwọn kan. Ti ayùnrẹ́ yẹn burú. Ó dáa, a ó lo èéfín."

Wọ́n rìn gba inú ẹ̀gẹ́ kọjá, wọ́n sì dé etí Ọ̀ṣun nígbà tí oòrùn ti yọ dáadáa. Ihò náà kò ga ju orí ènìyàn méjì lọ. Àwọn kòkòrò oyin ń wọlé, wọ́n ń jáde, ìró wọn sì dà bíi ti ọlọ tó ń lọ àgbàdo lọ́nà jíjìn. Ìyàndá gbé àkàbà ọparun ti igi, ó di ihá ẹyìn àti ewé tútù papọ̀, ó sì ṣáná sí i. Èéfín náà nípọn. Ọládòṣù ló gùn ún, nítorí ó ní òun lòun bí ọmọ. Ó fi aṣọ bo ojú, ó ní Bisimilahi, ó sì na ìdì èéfín náà sí ẹnu ihò.

Òjò ọjọ́ kan sẹ́yìn ti rin ihá náà. Kò ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ tó fi kú mọ́ ọn lọ́wọ́. Oyin bò ó. Wọ́n ta á lọ́rùn, wọ́n ta á létí, wọ́n wọ inú aṣọ, wọ́n ta á ní ìpéǹpéjú. Ó já bọ́ láti orí àkàbà, ó sì ń yí nínú koríko títí Ìyàndá fi wọ́ ọ dé inú omi.

Ó tún padà gùn ún. Lẹ́ẹ̀kejì, ojú òsì rẹ̀ ti dí pátápátá, ọwọ́ rẹ̀ sì wú bí ẹ̀bà. Kò rí afárá kankan fọwọ́ kàn. Ó jókòó sẹ́bàá odò. Ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ ni pé ilẹ̀ ti mọ́ tipẹ́, pé Àwáwù ti ṣí aṣọ kúrò lẹ́sẹ̀ ọmọ báyìí, ó sì ti ń wò ó bóyá ó ti dúdú.

Ìyàndá ti rọ epo sí ògùṣọ̀. Ó gbé e wá fún un.

"Èyí ló kù," ni ó wí. "Ṣùgbọ́n kì í ṣe èmi ni yóò ṣe é lónìí, Àáfáà. Ẹ ti sọ ohun tó jẹ́ lójú gbogbo ayé. Bí ẹ bá fẹ́ oyin, ẹ óò ṣe é fúnra yín. Bí ẹ ò bá fẹ́, ẹ jẹ́ ká máa lọ sílé."

Ọládòṣù wo ògùṣọ̀ náà. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ka súrà kan, kò sì parí rẹ̀. Ó wá sọ lóhùn jẹ́ẹ́jẹ́ pé, "Ẹ ṣáná sí i."

Ó gun àkàbà lẹ́ẹ̀kẹta. Ó ki iná bọ ihò náà dé ìgbọ̀nwọ́. Ìró inú igi náà yí padà, ó ga, ó ga sí i, ó sì wá rọlẹ̀. Àwọn tó jáde jáde tiná tiná, wọ́n ń já bọ́ sórí rẹ̀ àti sínú koríko, wọ́n ń ta bọ̀n-ùn bọ̀n-ùn bí àgbàdo nínú agbada. Ó mọ ohun tí gbígbóná ń ṣe sí ara, ọjọ́ méjìlá ló ti fi ń gbọ́ ọ lẹ́nu ọmọ tirẹ̀. Kò fa ọwọ́ rẹ̀ yọ títí gbogbo rẹ̀ fi dákẹ́.

Ìyàndá ló kó afárá náà, nítorí ọwọ́ Ọládòṣù kò lè di nǹkan mú mọ́. Ó ṣà á pẹ̀lú sùúrù, ó yọ èyí tí iná ti bà jẹ́ àti èyí tí ọmọ oyin wà nínú rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Èyí tó mọ́ kún agolo kékeré kan, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ọ̀rọ̀ owó kò wáyé láàárín wọn. Wọ́n jọ gba inú ẹ̀gẹ́ padà sí Alajue.

Nígbà tí Ọládòṣù délé, Àwáwù kò kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n, nítorí ojú rẹ̀ ti wú. Ẹsẹ̀ náà kò tíì dúdú, àmọ́ ibà kò lọ. Màmá Mojísọ́lá se aṣọ funfun nínú omi híhó, láwàní tí Ọládòṣù fi ń lọ sí Jímọ̀ ni wọ́n ya fún un, nítorí kò sí aṣọ funfun mìíràn nínú ilé. Ó da oyin sí i, ó sì dì í. Wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀ láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́.

Ọjọ́ mẹ́rin kọjá tí Sìmbíátù kò dá ẹnikẹ́ni mọ̀. Ìyá rẹ̀ ń fi ṣíbí kán omi sí i lẹ́nu. Ọládòṣù ń kírun lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹní ọmọ, ṣùgbọ́n bó bá ti gbọ́wọ́ sókè fún àdúà, kì í rí ọ̀rọ̀ sọ. Lọ́jọ́ kẹrin náà ni Àwáwù sọ fún un, láìyí ojú kúrò lára ọmọ:

"Aṣọ tẹ́ ẹ wọ̀ lọ sóko ń rùn iná."

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Ẹ sun wọ́n?"

"Mo sun wọ́n. Gbogbo wọn."

Àwáwù fi aṣọ tútù nu iwájú orí Sìmbíátù.

"Èmi ni mo to òkúta ààrò yẹn," ni ó wí. "Mo rí i pé ọ̀kan ń mì. Mo ní n óò tún un ṣe bí mo bá ro ọṣẹ tán."

Ọládòṣù sún mọ́ ọn, ó gba aṣọ tútù náà lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì ní kó lọ sùn díẹ̀. Ó lọ. Oorun gbé e lọ títí oòrùn fi dé àtàrí.

Ibà náà sọ̀ ní ọjọ́ karùn-ún. Sìmbíátù ní ebi ń pa òun. Nígbà tí wọ́n tú aṣọ ẹsẹ̀ rẹ̀, òórùn náà ti dínkù, ẹran pupa sì ti ń yọ létí egbò. Màmá Mojísọ́lá wò ó láti orí ojú gíláàsì rẹ̀, ó ní, "Ẹ má tíì yọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ má dáwọ́ dúró." Agolo oyin náà tán kí egbò tó pa ẹnu dé, omi iyọ̀ ni wọ́n fi parí rẹ̀. Ó gba oṣù méjì. Wọn kò gé ẹsẹ̀ náà, ṣùgbọ́n awọ tuntun náà fa orúnkún pọ̀, kò sì nà tán mọ́. Bí Sìmbíátù bá ń rìn, ìgìgísẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ kì í kan ilẹ̀.

Láàárín oṣù méjì yẹn, Ọládòṣù tọ ìmáàmù àgbà tó kọ́ ọ ní kéwú lọ, ó sì ro gbogbo rẹ̀ fún un. Baba náà ní ìnira máa ń sọ èèwọ̀ di ohun tí a gbà láàyè, pé kí ó túúbá, kí ó sì fọkàn balẹ̀. Ọládòṣù dúpẹ́. Ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀. Kì í ṣe ikú àwọn oyin náà nìkan ló ń dà á láàmú. Ó ń rántí orí àwọn ènìyàn bí wọ́n ṣe yí sí Ìyàndá.

Ní ọjọ́ Jímọ̀ kan, ó bẹ ìmáàmù Alajue pé kí wọ́n jẹ́ kí òun sọ̀rọ̀ díẹ̀ lẹ́yìn ìrun. Kó tó lọ síbẹ̀, ó yà sílé Ìyàndá, ó sì bẹ̀ ẹ́ pé kó wá. Ìyàndá kò wọlé kírun, ṣùgbọ́n nígbà tí ìrun parí, ó wà níta, ó fara ti igi lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé.

Ọládòṣù dìde. Kò ní láwàní lórí, fìlà lásán ló dé.

"Ohun tí mo sọ fún yín nípa oyin nígbà ààwẹ̀, òótọ́ ni," ni ó wí. "N kò gbé ọ̀rọ̀ Ànábì kúrò níbi tó wà. Ṣùgbọ́n ẹni tí mo fi ọ̀rọ̀ náà lù, n kò bi í léèrè ohun tó ń jẹ, n kò sì bi í léèrè ẹni tó ń bọ́. Ọmọ mi ń kú lọ, mo wá sí ìlú yín, mo gun igi, mo sì fi ọwọ́ ara mi sun ilé oyin kan láàyè. Èmi tí mo mọ̀ pé kò dára ni mo ṣe é. Ẹ̀gbọ́n Ìyàndá, ẹ forí jì mí lójú àwọn tí mo ti dójú tì yín níwájú wọn."

Àwọn àgbààgbà kan ń wolẹ̀. Gbogbo ojú wá yí sí fèrèsé bí wọ́n ti yí nígbà kan, Ìyàndá kò sì lọ lọ́tẹ̀ yìí.

"Ẹsẹ̀ ọmọ ńkọ́?" ni ó béèrè láti ìta.

"Ó ń rìn. Orúnkún rẹ̀ kò nà tán."

Ìyàndá mi orí. "Mo ti gbọ́ ẹ̀bẹ̀ yín. Ṣùgbọ́n n kò ní purọ́ fún yín nílé Ọlọ́run, Àáfáà. Àwọn ọmọ mi jẹ́ márùn-ún, n kò sì mọ iṣẹ́ mìíràn. Bí mo bá tún rí ihò oyin lọ́la, n kò mọ ohun tí màá ṣe."

"Èmi náà kò mọ̀ ọ́n lọ́jọ́ yẹn," ni Ọládòṣù wí.

Ó kúrò níbi tó dúró sí, ó wọ bàtà rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ó sì jáde lọ bá a lábẹ́ igi náà. Wọ́n dúró síbẹ̀ pọ̀ títí àwọn ènìyàn fi tú ká.